Ajá tí òfin ń ṣọ́: bí mo ṣe ń tọ́jú XL Bully ní London

Ọmọ mi ọkùnrin ló ra ajá náà, irú ajá ńlá oníṣan tí wọ́n ń pè ní XL Bully, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ní ìgbà Kòrónà, lọ́dún 2021, Túndé gbé ọmọ ajá kan tí kò ju bàtà mi lọ wọlé, ó ní Tyson lorúkọ rẹ̀. Mo ní a ò ní máa pe orúkọ abẹ̀ṣẹ́ nínú ilé yìí. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, gbólóhùn ọ̀rọ̀ ló sì máa ń fi sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, kí àdúgbò lè gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń pè é. Mo sọ tèmi ní Sùúrù. Ọdún méjì ò tíì pé tí Túndé fi ríṣẹ́ sí Leeds. Ilé tó háyà níbẹ̀ ò gba ajá, Sùúrù sì di tèmi. Nígbà yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò ìrẹsì.

Ẹ má rò pé ẹni tó fẹ́ràn ajá láti kékeré ni mí. Òkè-Àdó ní Ìbàdàn la gbé dàgbà. Ajá kan wà lójúlé kejì tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ọjọ́ tó já ṣéènì ló gé àbúrò mi jẹ ní ẹsẹ̀. Mo ṣì ń rí ìyá mi lójú mi bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, tó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń sunkún. Gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ dìgbòlugi, àbúrò mi sì ń lọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rí Sùúrù lójú pópó tó sọdá sí òdìkejì, inú mi kì í bí sí i. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí mò ń kọ èyí fún ni ẹ̀yin ará wa ní England àti Wales tẹ́ ẹ ní irú ajá yìí nílé, tàbí tí ọmọ yín gbé e já yín lé lọ́wọ́ bíi tèmi. Scotland àti Northern Ireland ní ọjọ́ àti ètò tiwọn, ẹ wo tiwọn lọ́tọ̀.

Apá méjì ni òfin náà ní

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Lọ́dún 1991 ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Dangerous Dogs Act, nígbà tí Kenneth Baker jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ọdún yẹn ni pit bull kan kọlu ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà ní Bradford, tí gbogbo ìlú fi gbaná jẹ. Apá kìíní òfin náà dárúkọ irú ajá mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní: pit bull terrier, Tosa ti Japan, Dogo ti Argentina àti Fila ti Brazil. Apá kẹta kò dárúkọ ìran kankan. Ó ní ajá yòówù kó jẹ́, ì báà ṣe èyí tí ìyá àgbà ń gbé sí àyà, kò gbọdọ̀ kọjá agbára ẹni tó mú un lọ́wọ́ débi tí yóò fi ṣe èèyàn léṣe tàbí tí yóò fi dẹ́rù bà á pé òun fẹ́ ṣe é léṣe. Láti ọdún 2014, apá yìí ti wọ inú ilé yín pẹ̀lú: pálọ̀, àgbàlá, ẹnu ọ̀nà. Bí ajá bá pa èèyàn, ẹni tó ni í lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá jura.

XL Bully kò sí nínú àwọn mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ajá irú yìí pa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan ní Caerphilly ní Wales. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, òmíràn kọlu ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá ní Birmingham, kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tí ọkùnrin kan fi kú ní Staffordshire lẹ́yìn tí ajá méjì dojú kọ ọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn ni Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, jáde pé òun yóò fòfin dè é. Láti 31 oṣù Kejìlá 2023, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ mú un bímọ, kò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀. Láti 1 oṣù Kejì 2024, ọ̀ràn ni láti ní in láìní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Certificate of Exemption. Ajá tó lé ní 50,000 ló gba ìwé náà. Tèmi wà lára wọn.

Mo rántí òru tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ilé ìtọ́jú arúgbó, agogo méjì òru, mo ń ka fóònù. Mo ronú nípa ìyá ọmọ Caerphilly yẹn, mo sì ronú nípa Sùúrù tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì mi. Mi ò rí ìkankan nínú méjèèjì gbé kúrò lọ́kàn.

Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sọ pé kì í ṣe òun

Òfin yìí kò wo ìwé ìdílé ajá. Ohun tí ojú rí ló ń wò. Bí olówó ajá bá ní “ẹni tó tà á fún mi sọ pé kì í ṣe XL”, kò já mọ́ nǹkan kan. Ìjọba kọ àpèjúwe kan jáde: orí fífẹ̀, àgbọ̀n tó ki, àyà tó gbòòrò, iṣan tó dì, irun kúkúrú, àti gíga. Akọ tó bá ga tó ínǹṣì 20, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 51, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abo tó bá tó ínǹṣì 19, sẹ̀ǹtímítà 48, tí púpọ̀ nínú àwọn àmì yòókù sì wà lára rẹ̀, XL Bully ni lójú òfin. Ọmọ ìyá kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ yapa: ọ̀kan di arúfin, èkejì ń ṣeré ní páàkì.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ mú un dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ògiri. Ẹ má wọ̀n ọ́n dé orí, torí ajá lè na ọrùn. Ẹ fọwọ́ wá góńgó èjìká rẹ̀, ibi tí egungun èjìká méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn ọrùn. Ẹ gbé ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le lé ibẹ̀ kó lọ gbọnrangandan kan ògiri, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i, ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àmì náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí ajá tó bá tẹ̀ ẹ̀yìn yóò kúrú, èyí tó bá rí ẹran yóò ga. Sùúrù jẹ́ 53, 54, 53.

Túndé ní “Mọ́mì, ẹ kọ 50.” Mo ní mi ò ní parọ́ fún ìjọba lórí ẹsẹ̀ ajá. Ìmọ̀ràn ìjọba gan-an nígbà yẹn ni pé ẹni tí kò bá dá a lójú kó kúkú forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fi ìyẹn ṣeré nígbà náà wà nínú ewu báyìí, nítorí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ náà láti òpin oṣù Kìíní 2024. Bí ajá tí ẹ ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá ti dàgbà kọjá ìwọ̀n yẹn, ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì gbé e fún ẹ̀gbọ́n yín ní Essex. Ọ̀ràn kejì ni fífi tọrẹ jẹ́. Lọ́yà tó mọ òfin ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó mọ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ajá “pocket bully”, irú bully tí wọ́n ní kì í ga, fún ọmọ, mo bẹ̀ yín. Kékeré ló máa ń wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá hàn yín, kí wọ́n fi bàbá hàn yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí gíga wọn. Bí ẹni tó ń tà á bá ní bàbá rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹ mú owó yín padà sílé.

Ìwé

Mo san £92.40 fún ìforúkọsílẹ̀. Mo mú Sùúrù lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n yẹ microchip rẹ̀ wò, ìyẹn ohun kékeré abẹ́ awọ tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá. Ìyẹn ti parí. Èyí tí kì í parí ni inṣọ́ransì. Kì í ṣe èyí tó ń sanwó dókítà nígbà tí ajá bá ṣàìsàn ni mò ń wí. Èyí tí òfin ń béèrè ni èyí tí yóò sanwó fún ẹlòmíì bí ajá yín bá ṣe é léṣe, ọdọọdún lẹ sì gbọ́dọ̀ máa tún un san. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fẹ́ gba irú ajá yìí. Ẹ bi wọ́n léèrè tààrà, kẹ́ ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ, pé àwọn ń bo XL Bully tó ní ìwé àṣẹ. Bí inṣọ́ransì bá já fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ìwé àṣẹ yín ò dúró mọ́. Mo fi í sórí fóònù mi pé kó máa dún létí mi ní oṣù kan ṣáájú.

Bí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá bá béèrè ìwé náà, ẹ fi hàn níbẹ̀ tàbí láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀dà kan wà nínú báàgì mi, òmíràn wà lórí fóònù. Bẹ́ ẹ bá kó lọ sí ilé míì, ẹ sọ fún àwọn tó ń bójú tó ìwé náà.

Èyí kàn wá gan-an: ajá náà àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ jọ máa gbé àdírẹ́sì kan náà, àfi ọgbọ̀n ọjọ́ péré nínú oṣù méjìlá. Àwa tá a máa ń lọ ilé fún oṣù kan àbọ̀ torí òkú àgbà tàbí ọdún Kérésì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa. Nígbà tí ìyá mi kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò nílé. Ìbá wù mí kí n pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tún kọ lẹ́tà sí àwọn tí mo háyà ilé lọ́wọ́ wọn, mo fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ kún un. Òṣìṣẹ́ wọn kan pè mí, ó ní “àwọn ẹ̀yà yín” fẹ́ràn láti máa fi ajá ṣe fọ́ńté. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi nínú í-meèlì. Kò fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo bá ní bá wọn sọ, kíkọ ni mò ń kọ ọ́.

Agbọ̀n ẹnu

Muzzle tí òyìnbó ń wí, agbọ̀n ẹnu ni mo ń pè é. Òfin ní bí ajá yìí bá ti wà níta, agbọ̀n ẹnu gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó sì mú okùn náà gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Inú ọkọ̀ yín lójú títì, ìta nìyẹn. Àtẹ̀gùn àti lífítì ilé alájà tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, ẹ kà wọ́n sí ìta.

Ibí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibí ni mo ti rí ìyà tí àwọn èèyàn fi ń jẹ ajá. Wọ́n ra agbọ̀n ẹnu lọ́jọ́ kan, wọ́n rọ̀ ọ́ mọ́ ajá lẹ́nu tipátipá, ajá ń fi ẹsẹ̀ ya á, ń fi ojú gbolẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ lọ bí ẹlẹ́wọ̀n. Bí a bá ń lé ajá, tó bá kan ògiri, yóò yíjú padà. Ajá tó ń bẹ̀rù ohun tó wà lójú rẹ̀ léwu ju èyí tí kò wọ nǹkan kan lọ.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi aṣọ rán tó pa ẹnu ajá dé. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí ẹ bá pa á dé nínú oòrùn, ooru lè pa á. Èyí tó rí bí apẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, tí yóò lè la ẹnu nínú rẹ̀, tí yóò lè mu omi, tí yóò lè gba ẹran lọ́wọ́ yín. Ojú irú ajá yìí fẹ̀, ó sì kúrú, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà bá a mu. Ẹ wọn gígùn imú rẹ̀ láti ṣóńṣó títí dé abẹ́ ojú díẹ̀, ẹ wọn yíká ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá la ẹnu, kì í ṣe nígbà tó bá pa á dé. Mo ra mẹ́ta kí n tó rí èyí tó tọ́. Kò ká mi lára.

Ọjọ́ kìíní, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ Sùúrù, mi ò sọ nǹkan kan. Ó fimú fín in, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì, mo fi ẹ̀pà lílọ̀ ra inú rẹ̀. Ẹ ka ara ike ẹ̀pà náà kẹ́ ẹ tó fi fún un, bí ẹ bá rí xylitol níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, torí ṣúgà yẹn máa ń pa ajá. Mo di agbọ̀n náà mú bí ìgbà tí èèyàn di ife mú, òun fúnra rẹ̀ ló ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyẹn: òun ni yóò ki ẹnu bọ̀ ọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tì í bọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìdì í rárá. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn rẹ̀ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀ bó ṣe ń lá ẹ̀pà, kí n sì yọ ọ́ kó tó lá a tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá dè é, kí n kà dé márùn-ún, kí n tú u. Ó di mẹ́wàá. Ó di ìgbà tí omi yóò fi hó nínú kẹ́tù. A fi í rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnnì. A fi í jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọjá kó tó fi í jáde sójú títì.

Bí ó bá fẹsẹ̀ ya á, ẹ̀yin lẹ yá jù. Ẹ padà sẹ́yìn sí ibi tí inú rẹ̀ ti dùn gbẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Okùn ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún débi pé ìka méjì péré ni yóò wọlé, bí mẹ́rin bá wọlé, yóò bọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ ò rò. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa orí imú tó bá ń bó. Ní báyìí, bí Sùúrù bá gbọ́ tí agbọ̀n náà dún lára ìkọ́ rẹ̀, yóò wá dúró níwájú mi, yóò na ẹnu síta. Bí ọmọ tó fẹ́ wọ aṣọ ilé ìwé.

Nínú ilé

Ilẹ̀kùn méjì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ajá yìí àti ìta nígbà gbogbo. Bí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún, mo máa ń kọ́kọ́ mú Sùúrù wọ kíṣìnnì, mo ti ilẹ̀kùn, kí n tó lọ wo ẹni tó dé. Mo fi àpótí lẹ́tà síta lára ògiri, kí ẹni tó ń pín lẹ́tà má baà ki ọwọ́ wọlé. Ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí káfíńtà fi pátákó mẹ́ta kún gíga ọgbà náà, kí ó sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí ajá tí kò lè fo yóò gbẹ́lẹ̀.

Àlejò wa kì í tẹ̀lé ètò. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ ní agogo mẹ́rin yóò dé ní méje pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí a sọ ọmọ Túndé lórúkọ níbí, èèyàn tó lé ní ogójì ni, ìlù wà, ọmọdé ń sáré kiri. Ilé ìtọ́jú ajá tí wọ́n gbà láti gba irú rẹ̀ ni mo mú Sùúrù lọ láti àná ọjọ́ náà. Àwọn kan ní mo ń náwó dànù, kí n kàn tì í mọ́ yàrá. Ilẹ̀kùn yàrá tí ogójì èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀, ọmọdé kan yóò ṣí i. Bí àgbàlagbà kan bá wọlé tó ní ẹ̀rù ajá ń ba òun, ẹ má sọ fún un pé “kì í ṣe nǹkan kan, ẹ fọwọ́ kàn án.” Ẹ gbé ajá kúrò níbẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí.

Ẹ má fi ọmọdé àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan, kódà bí ẹ bá fẹ́ lọ gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ bá a nídìí oúnjẹ, tàbí kó jí i lójú oorun. Kí ẹ kọ́ bí ajá ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó bu ni jẹ. Yóò kọ́kọ́ dúró gan bí ère. Funfun ojú rẹ̀ yóò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òṣùpá tuntun. Yóò máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, yóò yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò kùn. Ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn. Ìkìlọ̀ tó ń ṣe fún yín ni. Bí ẹ bá nà án títí tó fi jáwọ́ nínú kíkùn, ọjọ́ tí ara bá kan án, kò ní kìlọ̀ mọ́, eyín ni yóò kọ́kọ́ lò. Mo mọ àwọn tó ń da ata sínú oúnjẹ ajá nílé kó lè burú, tí wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán fún ìdí kan náà. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ló bá àbúrò mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń ra Boerboel àti Caucasian sí ọgbà, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún wọn lásìkò. Bí ajá bá sì gé èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ tó forí lé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi ewé dì í. Ọṣẹ àti omi ni ìyá mi lò, àbúrò mi sì ti di bàbá ọmọ mẹ́rin.

Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn

Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ti ajá mọ́ yàrá, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kóòtù bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ń mú ajá lọ, ẹ má bá wọn fà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá na ìwé sí yín pé kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú pé ẹ ti yọ̀ǹda ajá náà, ẹ dúró ná. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lè pa ajá náà láìdé kóòtù. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Nínú òfin yìí, ìbéèrè tó le jù lọ ni ẹni tí yóò mú ẹ̀rí wá. Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá ní ajá yín jẹ́ irú èyí tí wọ́n fòfin dè, bẹ́ẹ̀ ló rí lójú kóòtù, àfi bí ẹ̀yin bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìyẹn kò tọ́, mo sì ti kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1997, kò di dandan mọ́ kí adájọ́ ní kí wọ́n pa ajá. Yóò wo ìwà ajá náà, yóò wo ohun tó ti ṣe sẹ́yìn, yóò sì wo ẹ̀yin fúnra yín, bóyá ẹni tó yẹ kí ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yín. Ìdí nìyí tí mo fi ń pa gbogbo rísíìtì mọ́: ti dókítà, ti ẹ̀kọ́ tí a lọ kọ́, ti pátákó ẹ̀yìnkùlé pàápàá.

Ẹ óò gbọ́ àríyànjiyàn kiri. RSPCA, Dogs Trust, Blue Cross àti Kennel Club, àwọn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá níbí, gbogbo wọn ni kò fara mọ́ fífi ìran de ajá. Wọ́n ní ìwà ni ká wò. Netherlands fòfin de pit bull lọ́dún 1993, wọ́n pa òfin náà rẹ́ lọ́dún 2008 nítorí pé jíjẹ tí ajá ń jẹ èèyàn kò dín kù. Mo gbà wọ́n gbọ́. Téèpù tí mo fi wọn Sùúrù kò mọ̀ bóyá ó ń bu ni jẹ. Ẹni tó ń sin ajá fún ìjà yóò kàn wá ìran míì tí kò sí lórí ìwé. Síbẹ̀, bí mo bá di okùn ajá yìí mú lọ́wọ́ òtún, tó fà lẹ́ẹ̀kan péré torí ológbò, mo máa ń mọ̀ ọ́n ní èjìká mi títí di ọjọ́ kejì. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Ajá kékeré lè bínú ju Sùúrù lọ nígbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí ìbínú bá bọ́ sọ́wọ́ irú agbára yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á sílẹ̀ lásìkò. Nítorí náà, bí wọ́n bá tiẹ̀ pa òfin náà rẹ́ lọ́la, agbọ̀n ẹnu Sùúrù ò ní kúrò lára ìkọ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bí ẹ bá kú ńkọ́? Ẹ ò lè fi ajá náà ṣe ogún bí ẹní fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù, ikú tàbí àìsàn líle ẹni tó ni ín nìkan sì ni kóòtù fi ń gbà á láyè. Mo ti bá Túndé sọ ọ́. Mo kọ nọ́ńbà microchip, orúkọ dókítà, ọjọ́ inṣọ́ransì àti nọ́ńbà lọ́yà sínú ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, lókè ìkọ́ tí agbọ̀n ẹnu wà.

Ago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú nìyí. Mo ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì ti dúró níwájú mi, ó ti na ẹnu. Ẹ jẹ́ kí n mú un jáde báyìí kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó gba ojú ọ̀nà.